Ẹmú àfọwọ́ṣe fún híhun ojú wáyà: ta ló ti ṣe é?

Onígẹdú_Ọrẹ

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Agbégilódò méjì ni mo ń bójú tó lápá Ọrẹ. Wáyà wíǹṣì wa jẹ́ onímìlímítà 12: fọ́nrán mẹ́fà, wáyà wẹ́wẹ́ 19 nínú fọ́nrán kọ̀ọ̀kan, okùn ló wà láàárín. Ojú rẹ̀ tí húùkù ń wọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Kílíìpù, irin oní-U tí a ń fi nọ́ọ̀tì fún mọ́ wáyà, la fi ń dì í (ẹ wo àwòrán tí mo fi sókè), ọ̀rọ̀ kílíìpù sì ti sú mi. Ó ń há sára gbòǹgbò, ó ń há sẹ́nu róólà. Bí a bá fà á gba abẹ́ gẹdú kọjá, bóòtì rẹ̀ á tẹ̀, nọ́ọ̀tì rẹ̀ á tú, ìrù wáyà tó yọ síta á sì máa ya àwọn ọmọkùnrin lọ́wọ́. Mo fẹ́ ká máa hun ojú wáyà fúnra wa, bí àwọn àgbà ṣe ń ṣe é.

Ẹmú ló kù. Ẹni tó bá ti dán an wò á mọ̀ pé ọwọ́ ò lè di wáyà mọ́ tímúbù (irin oníkòtò tí ojú wáyà ń yí ká), kí ọwọ́ kan náà tún máa fi sípáìkì la fọ́nrán. Mo lo fáìsì orí tábìlì. Ó di wáyà mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbàrà tí sípáìkì bá wọlé, tímúbù á fò jáde lókè. Èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún iṣẹ́ yìí, ẹlẹ́nu mẹ́ta tó ń ti òkè òkun wá, owó rẹ̀ tó owó táyà agbégilódò. Mi ò lówó yẹn láti fi ra irin tí a óò máa lò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ta ló ti fi ohun tó wà nílẹ̀ ṣe tirẹ̀? Kí lẹ lò?

Wẹ́dà_Ìkòròdú

Ọ̀gá Onígẹdú, mo ti ṣe é fún àwọn tó ń fi ọkọ̀ fa gẹdú lórí ọ̀sà níbí, wọ́n ṣì ń lò ó.

Jáàkì ni gbogbo ẹ̀. Èyí tó ń ká lẹ́sẹ̀, tí wọ́n máa ń kó sí búùtù mọ́tò kékeré. Ẹ lọ sí Ọwódé-Onírin tàbí Ládìípọ̀, ẹ ní jáàkì tó ti tẹ̀ lẹ́sẹ̀ lẹ ń wá, owó irin àlòkù ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ yín. Ẹsẹ̀ tó tẹ̀ ò kàn wá. Rọ́ọ̀dù gígùn tó wà láàárín ẹ̀ là ń fẹ́, àti irin róbótó tí rọ́ọ̀dù náà ń yí gba inú ẹ̀ kọjá. Rẹ́ẹ̀dì (ojú ìlọ́) jáàkì nípọn ju ti bóòtì lọ, kì í tètè jẹ. Ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò látòkè délẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó o.

Ìdí ẹmú jẹ́ irin ṣáńẹ́ẹ̀lì oníǹṣì 6, gígùn rẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀. Ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ kí ẹ̀yìn tó tẹ́jú wà lókè. Sí etí ọ̀tún, ẹ wẹ́ẹ̀dì irin áńgù oníǹṣì 2: ẹnu tí kì í rìn nìyẹn. Sí etí òsì, ẹ wẹ́ẹ̀dì irin pẹlẹbẹ tó nípọn tó mìlímítà 10, kẹ́ ẹ lu ihò sí i, kẹ́ ẹ sì wẹ́ẹ̀dì nọ́ọ̀tì jáàkì (irin róbótó yẹn) mọ́ ọn lẹ́yìn. Irin áńgù mìíràn ni ẹnu tó ń rìn. Ẹ fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ṣe ojú ọ̀nà fún un lórí ṣáńẹ́ẹ̀lì kó má baà yẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Ẹ lọ orí rọ́ọ̀dù kó rí kiribiti, ẹ wẹ́ẹ̀dì nọ́ọ̀tì kékeré kan sẹ́yìn ẹnu tó ń rìn kí orí rọ́ọ̀dù lè wọ inú ẹ̀. Rọ́ọ̀dù á máa yí, ẹnu ò ní bá a yí. Rọ́bà tí a gé lára túùbù kẹ̀kẹ́ ló ń fa ẹnu padà nígbà tí a bá tú u.

Ẹnu kẹta ló wá yà á sọ́tọ̀ sí fáìsì. Ẹ gé ihò gbọọrọ sí àárín ṣáńẹ́ẹ̀lì, kó bẹ̀rẹ̀ níwájú ẹnu méjì yẹn, kó gùn tó íǹṣì 5. Bóòtì onímìlímítà 16 á dúró nínú ihò yìí, orí rẹ̀ á wà nísàlẹ̀, ọrùn rẹ̀ á yọ sókè bí èèkàn. Ara èèkàn yìí lẹ máa fi tímúbù kọ́. Lábẹ́, ẹ wẹ́ẹ̀dì rọ́ọ̀dù onírẹ́ẹ̀dì onímìlímítà 12 mọ́ orí bóòtì náà, kó gba ihò tó wà nínú irin ìdí ṣáńẹ́ẹ̀lì jáde. Bẹ́ ẹ bá ń yí nọ́ọ̀tì tó wà níta, èèkàn á máa fà sẹ́yìn, tímúbù á bá a lọ, wáyà á sì lẹ̀ mọ́ tímúbù típẹ́típẹ́ láti orí dé ọrùn. Ẹnu méjì ń fún ọrùn pọ̀, èèkàn ń fa orí. Kò síbi tí tímúbù fẹ́ fò gbà mọ́. Tẹ́ ẹ bá ṣì ń bẹ̀rù, ẹ fi irin pẹlẹbẹ kékeré dábùú orí rẹ̀, kẹ́ ẹ fi nọ́ọ̀tì dè é mọ́ èèkàn.

Ẹ má fi ẹnu irin lásán di wáyà mú. Pákó líle ni kẹ́ ẹ fi bo ẹnu náà, àpá tàbí ìrókò. Ẹ mú ègé méjì, ẹ ki páálí tó nípọn tó mìlímítà 2 sáàárín wọn, ẹ dì wọ́n pọ̀, kẹ́ ẹ wá fi dírílì onímìlímítà 12 lu ihò gba ojú ibi tí wọ́n ti pàdé. Bẹ́ ẹ bá yọ páálí kúrò, ihò náà á kéré sí wáyà díẹ̀, á sì bù ú mú láì ṣe é léṣe. Nítorí pé wáyà méjì ló ń gba ọrùn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan á jókòó sínú ojú tirẹ̀.

Gbogbo rẹ̀, yàtọ̀ sí iná ẹ̀lẹ́tíríkì àti ọwọ́ mi, kò tó owó àpò símẹ́ńtì mẹ́ta.

Kékeré_Ẹńjìnnì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n Wẹ́dà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí l'Ákùúrẹ́, ẹ forí jì mí tí ìbéèrè mi bá pọ̀. Wáyà onímìlímítà 12 tó bá tuntun, ó tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 8 kó tó já. Jáàkì mọ́tò kékeré wá jẹ́ tọ́ọ̀nù kan péré. Ṣé kò yẹ ká fi irin tó nípọn tó mìlímítà 20 ṣe ẹnu rẹ̀, ká sì fi rọ́ọ̀dù tó tóbi ju ti jáàkì lọ ṣe é? Ẹ̀rù ń bà mí pé ó máa fọ́ mọ́ ẹni tó ń lò ó lọ́wọ́.

Wẹ́dà_Ìkòròdú

Àbúrò, ìbéèrè gidi nìyẹn. Ṣùgbọ́n wo ohun tí ẹmú ń ṣe. Kò fa gẹdú rí, kò sì ní fà á láéláé. Iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó di wáyà mú jẹ́ẹ́ nígbà tí a bá ń hun ún. Agbára tó ń dojú kọ ò ju ti ọwọ́ èèyàn kan tó ń fi sípáìkì yí fọ́nrán. Tí a bá hun ún tán, wáyà á lọ síbi iṣẹ́, ẹmú á jókòó sílé.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ gan-an ni pé agbára rẹ̀ pọ̀ jù. Rọ́ọ̀dù jáàkì lè fún wáyà tó ní okùn nínú títí tí á fi pẹlẹbẹ, wáyà tó bá sì ti pẹlẹbẹ lọ́rùn, ẹ ti bà á jẹ́ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi gé ọwọ́ tí a fi ń yí i kúrú sí íǹṣì 6. Tí ọwọ́ rẹ̀ bá gùn, àwọn ọmọ á gbé ara lé e.

Bàbá_Wáàfù

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ọmọ mi. Iṣẹ́ rígà, ti àwọn tó ń so wáyà àti okùn ẹrù, ni mo ṣe ní Àpápá kí n tó fẹ̀yìn tì, inú mi dùn pé ẹ tún ń sọ̀rọ̀ híhun wáyà. Ohun tí Wẹ́dà sọ nípa ẹmú yé mi, mo sì fara mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un.

Ẹmú nìkan ò tó. Ara wáyà, èyí tó jáde lọ́rùn tímúbù tó ń lọ sílé wíǹṣì, gbọ́dọ̀ le gbagidi. Bó bá dẹ̀, bí ẹ ṣe ń ki sípáìkì bọ̀ ọ́ ni á máa ká, fọ́nrán ò ní là. Nítorí náà ẹ gbé ẹmú kọ́ òpó kan, kó wà ní ọ̀gangan àyà ẹni tó ń ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ fi okùn àti ìfàle kan fa ara wáyà náà mọ́ òpó kejì. Agbégilódò gan-an lè ṣe òpó kan.

Sípáìkì wáyà kì í ṣe ti okùn. Ti okùn mú ṣóńṣó. Ti wáyà, ẹnu rẹ̀ pẹlẹbẹ bíi ti sikurúdúráífà, etí rẹ̀ ò sì gbọdọ̀ mú rárá. Ẹ fi í bọ abẹ́ fọ́nrán ní pẹlẹbẹ, ẹ wá yí i dúró kí àyè ṣí sílẹ̀. Kó má kan okùn inú. Sípíríìnì mọ́tò àlòkù dára fún un, kí alágbẹ̀dẹ tún un ṣe. Sikurúdúráífà ńlá tí a lọ etí rẹ̀ kó dán náà ń ṣiṣẹ́ fún wáyà tí kò sanra.

Fún onímìlímítà 12, ẹ fi ìrù tó tó ẹsẹ̀ bàtà méjì sílẹ̀ kọjá ọrùn tímúbù. Kẹ́ ẹ tó gé wáyà, ẹ fi wáyà rírọ̀ dì í lápá méjèèjì ibi tẹ́ ẹ fẹ́ gé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á tú ká. Ẹ di orí fọ́nrán kọ̀ọ̀kan náà. Ẹ tú fọ́nrán mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dé ọrùn, ẹ gé okùn inú kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, fọ́nrán kọ̀ọ̀kan á wọ abẹ́ fọ́nrán tirẹ̀ lára wáyà, kò gbọ́dọ̀ sí méjì tó gba ojú kan náà jáde. Ẹ fi òòlù onígi lù ú jókòó. Lẹ́yìn èyí, kọjá lórí ọ̀kan, wọ abẹ́ ọ̀kan, lòdì sí ìlọ́ wáyà.

Ẹ̀ẹ̀mélòó? Ẹ̀ẹ̀mẹta pẹ̀lú fọ́nrán odindi, ẹ̀ẹ̀mejì sí i lẹ́yìn tí ẹ bá ti gé ìdajì wáyà wẹ́wẹ́ inú fọ́nrán kọ̀ọ̀kan kúrò. Kì í ṣe èmi ni mo ṣòfin yẹn. Ó wà nínú Àdéhùn 32 ti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé, èyí tí wọ́n ṣe ní 1932 nítorí àwọn tó ń kó ẹrù ní èbúté. Ìdajì tí a gé ló ń jẹ́ kí ìparí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀díẹ̀, kò ní há. Ẹ wá fi wáyà rírọ̀ yí gbogbo rẹ̀ kí ṣóńṣó tó yọ má baà gún ẹnikẹ́ni.

Mo tún fẹ́ sọ̀rọ̀ sí Wẹ́dà: ẹ má ṣe wẹ́ẹ̀dì ohunkóhun lára ẹmú nígbà tí wáyà wà lẹ́nu rẹ̀. Iná á gba inú wáyà kọjá, ibi tó bá ti gbóná ti rọ̀ nìyẹn, ojú ò sì lè rí i.

Àdùkẹ́_Pákó

Ẹ kú ọgbọ́n o, Bàbá. Pákó ni mò ń tà l'Ékòó, ẹ̀rọ ìlagi kan náà sì jẹ́ tèmi. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ọmọ mi kan á de kílíìpù mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èyí tí ẹ ń sọ yìí, tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀, ọ̀sán á pọ́n kó tó parí. Wíǹṣì á dúró, gẹdú á máa jókòó sínú omi. Ta ló máa sanwó ìdúró yẹn? Ẹmú lè má wọ́n, àkókò wọ́n.

Ẹ̀kejì, kò ha sí irú ojú kan tí kò nílò ẹmú rárá? Mo ti rí ẹnì kan tó pín wáyà sí méjì, tó fi ọwọ́ lásán ká a pa dà.

Rígà_Aberdeen

Ẹ kú àtijọ́ gbogbo ilé. Ọmọ Ìlárá ni mí, iṣẹ́ rígà ni mò ń ṣe ní Aberdeen níbi tí wọ́n ti ń bá àwọn tó ń wa epo nínú òkun ṣiṣẹ́.

Màmá Àdùkẹ́, ohun tẹ́ ẹ rí yẹn wà lóòótọ́. Fọ́nrán mẹ́ta á lọ sọ́tùn-ún, mẹ́ta yòókù sósì, wọ́n á pàdé lókè, wọ́n á sì máa jókòó padà sínú àyè ara wọn títí dé ọrùn. Kò gba ẹmú, kò gba wákàtí kan. Ṣùgbọ́n níbi iṣẹ́ ẹrù gbígbé, wọ́n máa ń ki ṣóṣò irin (irin kúkúrú oníhò) bọ̀ ọ́ lọ́rùn, kí ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ pa. Láìsí ṣóṣò yẹn, nǹkan pàjáwìrì ni, èyí tí ẹ fi ń fa gẹdú kan jáde nínú igbó kẹ́ ẹ lè délé. Ẹ má fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ sára wíǹṣì.

Ní ti kílíìpù, mi ò ní bú u. Tí wọ́n bá dè é bó ṣe yẹ, ó ń di nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún agbára wáyà mú. Ojú tí a fi ọwọ́ hun pẹ̀lú tímúbù, fún wáyà tó tó ààbọ̀ íǹṣì, àwọn tó ń ṣe wáyà ní Amẹ́ríkà kà á sí ìdá 86. Ẹ rí i pé ìyàtọ̀ rẹ̀ ò pọ̀. Ìyẹn ni pé kì í ṣe nítorí agbára lẹ ṣe ń hun ún, bí kò ṣe nítorí pé kì í há, kì í tú, nọ́ọ̀tì kankan ò sí lára rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni á gbàgbé láti fún. Fún ẹni tí wáyà rẹ̀ ń gba abẹ́ gẹdú àti ẹnu róólà kọjá lójoojúmọ́, ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn. Fún ẹni tí wáyà rẹ̀ dúró sójú kan, ẹ de kílíìpù yín kẹ́ ẹ máa lọ.

Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ dè é dáadáa: mẹ́ta fún onímìlímítà 12 sí 13, kí àlàfo àárín wọn tó ìlọ́po mẹ́fà sísanra wáyà, kí bóòtì oní-U wà lórí ìrù, kí àga rẹ̀ jókòó lórí ara wáyà tó ń ru ẹrù. Àwòrán tí Onígẹdú fi sókè yẹn, ọ̀kan kọjú síbí, ọ̀kan kọjú sọ́hùn-ún. Bóòtì oní-U ń jẹ ara wáyà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti gbé ẹrù àkọ́kọ́, ẹ tún gbogbo nọ́ọ̀tì fún.

Mo fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ Bàbá. Ọ̀nà kan wà tó yára ju èyí tí wọ́n kọ yẹn lọ, níbi tí fọ́nrán kọ̀ọ̀kan á kàn máa yí ká fọ́nrán kan ṣoṣo, tí á tẹ̀lé ìlọ́ wáyà. Ó dán, ó rẹwà, ọ̀pọ̀ rígà ló fẹ́ràn rẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé bí wáyà bá láyè láti yí lórí ara rẹ̀, ó lè máa tú jáde díẹ̀díẹ̀. Gẹdú tí a ń fà máa ń yí gbirigbiri, wáyà á sì bá a yí. Ẹ̀yin onígẹdú, ẹ dúró sórí ti Bàbá, bó tilẹ̀ pẹ́.

Onígẹdú_Ọrẹ

Áà, ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Mo dúpẹ́ gan-an.

Màmá Àdùkẹ́, ní ti àkókò, èrò mi ni pé kí a hun wáyà kúkúrú mélòó kan sílẹ̀ lọ́jọ́ tí kò síṣẹ́, kí ojú wà lápá méjèèjì, ká máa fi ṣákù so ó mọ́ wáyà wíǹṣì. Ìyẹn tó bá bàjẹ́, a yọ ọ́, a fi òmíràn sí i. Wíǹṣì ò ní dúró de ẹnikẹ́ni.

Kékeré_Ẹńjìnnì, ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Ẹrù mélòó ni kí n fi lé e?

Kékeré_Ẹńjìnnì

Ẹ̀gbọ́n, tọ́ọ̀nù 8 ni mo fi bẹ̀rẹ̀, tí wáyà bá tuntun. Ìdá 86 rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 6.9. Níbi iṣẹ́ ẹrù, wọ́n á pín in sí márùn-ún nítorí ààbò, ó di tọ́ọ̀nù 1.4, ìyẹn tí wáyà bá dúró gbọọrọ. Gẹdú tútù tó gùn ní mítà 4, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60, kò jìnnà sí tọ́ọ̀nù kan. Ẹ wà lójú ọ̀nà. Àmọ́ tí gẹdú bá há sí kùkùté tí dẹ́rẹ́bà sì tẹ wíǹṣì mọ́lẹ̀, kò sí ìṣirò tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mọ́: agbára wíǹṣì ni wáyà ń dojú kọ nígbà yẹn, kì í ṣe ti gẹdú. Kí dẹ́rẹ́bà yín dá a dúró, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tú gẹdú.

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, báwo la ṣe ń mọ ìgbà tó yẹ ká gé ojú kan dànù?

Bàbá_Wáàfù

Àdéhùn kan náà sọ ọ́. Ẹ wọn ìlọ́po mẹ́jọ sísanra wáyà, tiyín á jẹ́ mìlímítà 96. Bí wáyà wẹ́wẹ́ tó ti já tí ojú rí láàárín ibẹ̀ bá kọjá ìdá mẹ́wàá gbogbo wáyà wẹ́wẹ́ inú rẹ̀, ẹ má lò ó mọ́. Mẹ́fà lọ́nà 19 jẹ́ 114. Tẹ́ ẹ bá ti ka 12 tó já, ó tán. Ẹ wo ọrùn tímúbù jù, ibẹ̀ ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi ọwọ́ lásán wá a o. Èékánná òkú ni wáyà tó já, ẹ fi àkísà nù ún lọ, ibi tó bá ti há ni kẹ́ ẹ wò.

Fún ojú tuntun, ẹ kun ọ̀dà funfun sí ibi tí ìrù kẹ́yìn sí. Ẹ fi fa ohun tó wúwo ju ti iṣẹ́ yín díẹ̀, kí gbogbo èèyàn kúrò ní ọ̀gangan wáyà. Bí ọ̀dà bá là, ìrù ń yọ nìyẹn.

Gbẹ́kàǹga_Ṣàgámù

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Kànga là ń gbẹ́. Okùn la fi ń sọ èèyàn kalẹ̀ látẹ̀yìnwá, ó máa ń jẹrà. Mo rò pé kí n ṣe ẹmú yìí, kí n hun wáyà onímìlímítà 6 láti máa fi sọ àwọn ọmọ kalẹ̀. Ṣé pákó ẹnu rẹ̀ lè gba wáyà kékeré?

Bàbá_Wáàfù

Pákó á gbà á. Èmi ò gbà á.

Ọmọ mi, má bínú. Ojú wáyà tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ hun, tí ẹnikẹ́ni ò fi ẹ̀rọ dán wò, kò gbọ́dọ̀ gbé èèyàn. Bí gẹdú bá já, igi ló lọ. Ohun tí wọ́n dìídì ṣe fún gbígbé èèyàn, tó ní ìwé ẹ̀rí, ni kí o rà, pẹ̀lú bẹ́líìtì àyà àti okùn kejì tó dúró fúnra rẹ̀. Ẹmú yìí, lò ó fún garawa erùpẹ̀ tí o bá fẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sì sí nísàlẹ̀ nígbà tí garawa bá ń gòkè.

Gbẹ́kàǹga_Ṣàgámù

Mo gbọ́, Bàbá. Ẹ ṣeun.

Wẹ́dà_Ìkòròdú

Mo ti fi àwòrán mẹ́rin sókè: ìdí ẹmú, èèkàn àti ihò rẹ̀, pákó ẹnu, àti gbogbo rẹ̀ lórí òpó. Ẹ máa rí i pé bóòtì ni mo fi de pákó mọ́ ẹnu, mi ò lẹ̀ ẹ́. Pákó onímìlímítà 12 wà lọ́tọ̀, ti 16 wà lọ́tọ̀, ẹ kàn ń yọ ọ̀kan ni, ẹ ń fi èkejì sí i. Kò yẹ kí wáyà sanra ju ti 16 lọ lórí ṣáńẹ́ẹ̀lì oníǹṣì 6. Ẹni tó bá fẹ́ hun wáyà tó sanra ju ìyẹn lọ, ẹ jẹ́ ká jọ sọ̀rọ̀, ìdí rẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn sí i, ẹnì kan ò sì lè dá yí fọ́nrán rẹ̀.

Ẹ fi gíríìsì sí rẹ́ẹ̀dì, ẹ má fi sí pákó ẹnu. Ó máa yọ̀.

Rígà_Aberdeen

Èèkàn yẹn dára púpọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀kan tí a ní níbí, skúrù ló ń ti orí tímúbù láti ẹ̀yìn. Tiyín ń fa inú rẹ̀, ó sì fi àyè sílẹ̀ lókè fún ọwọ́ àti sípáìkì. Ohun kan ṣoṣo: ẹ lọ etí ihò gbọọrọ yẹn kó dán. Nínú àwòrán kejì, ó ṣì ń mú, wáyà á máa ha ara rẹ̀ níbẹ̀.

Wẹ́dà_Ìkòròdú

Mo rí i. Mo máa lọ̀ ọ́ lónìí.

Àdùkẹ́_Pákó

Wẹ́dà, ẹ bá mi ṣe ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ tí Onígẹdú sọ yẹn ló yí mi lérò padà, pé ká hun ún sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó dé. Èmi ni màá gbé pákó àpá wá, ó pọ̀ lọ́dọ̀ mi. Tó bá ti délẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ lò ó ládùúgbò mi á san owó ìlò fún mi. Mélòó lẹ máa gbà? Kẹ́ ẹ má pa mí o.

Wẹ́dà_Ìkòròdú

Màmá, ẹ ti ń fi irin mi ṣòwò kí n tó ṣe é tán! Mo ti kọ iye rẹ̀ ránṣẹ́ sínú àpótí yín. Ẹ bá mi gé wáyà tẹ́ ẹ ń lò ní ẹsẹ̀ bàtà kan wá, kẹ́ ẹ mú tímúbù rẹ̀ dání. Ẹ má sọ ìwọ̀n rẹ̀ fún mi lẹ́nu lásán, wáyà tí wọ́n bá pè ní ààbọ̀ íǹṣì lọ́jà, mìlímítà 11 ló máa ń jẹ́ nígbà mìíràn.